Igi Ìyá Mista Ọ́tìs

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ máa ń yí mi ká lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tí ẹ ń bi mí léèrè iṣẹ́ tí ó yẹ kí ẹ kọ́, ẹ ti bi àwọn dókítà, ẹ ti bi àwọn oníkọ̀ǹpútà, ó wá kàn mí. Ó dáa. Mo mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ sọ kò ní dùn mọ́ àwọn ìyá yín nínú, nítorí ẹ̀ka igi ọgbà ni mo gé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gé igi ní gúúsù Ṣikágò, láti Auburn Gresham títí dé Calumet City, kí eékún mi tó ní ó tó gẹ́ẹ́.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gba àkókò. Takisí ni ọkọ mi, Bàbá Rúká, ń wà nígbà náà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé bàbá àgbàlagbà kan tí ó ní ọgbà igi nítòsí Richton Park. Bàbá náà ń ráhùn pé òun kò rí òṣìṣẹ́ tí kì í pẹ́ dé. Ọkọ mi ní, "My wife does not know how to be late, sir." Bí mo ṣe débẹ̀ lọ́jọ́ Ajé nìyẹn. Owó rẹ̀ kò pọ̀, a sì ń rí jẹ. Ẹ jẹ́ kí á fi èyíinì sílẹ̀.

Àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó. "Ìyá Rúká, so you left farm in Ìwó, o wá ń dáko ní America?" Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó dùn mí, àfi ẹ̀yin tí mo ń sọ fún yìí.

Mista Ọ́tìs ni bàbá tí ó ni ọgbà náà. Aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ni wọ́n, ọmọ bíbí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ará Jọ́jíà lápá gúúsù tí òkun wà. Wọ́n ga, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọn kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Sàúdátù ni orúkọ mi. Wọ́n ní ẹnu àwọn kò lè gbé e, wọ́n sì sọ mí ní Sadie lọ́jọ́ kìn-ín-ní.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mi ò fi fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí igi, àfi kí n pọ́n ọn. Mo fọ ìkòkò, mo pọ́n irin, mo fi ọtí nu ẹnu irin kí àrùn igi kan má baà ran òmíràn. Bí mo bá ti ṣe èyí tán, Mista Ọ́tìs á ní kí n di ojú mi, wọ́n á fi ewé lé mi lọ́wọ́. "Kí ni?" Bí mo bá ṣì í, mo tún padà sídìí ìkòkò fífọ̀ nìyẹn. Mo sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọgbà yẹn ju bí mo ṣe sunkún nígbà tí mo ń bímọ lọ.

Ìgbà tí wọ́n wá fún mi ní àlùmọ́gàjí, mo fẹ́ fi hàn wọ́n pé mo mọ̀ ọ́n. Mo gé igi kan roboto bí àkàrà, ó dán, ó dọ́gba. Inú mi dùn. Mista Ọ́tìs wò ó, wọn ò bú mi. Wọ́n gbé igi náà lọ sí ẹnu géètì, gbogbo oníbàárà tí ó bá wọlé ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà ni wọ́n ń sọ fún pé, "Sadie did that." Títí di òní, bí mo bá rí igi roboto níwájú ilé ènìyàn, ara mi á bù máṣọ. Wọ́n kọ́ mi pé a kì í fi tipátipá sọ igi di ohun tí kì í ṣe. Ẹ̀ka tí ó bá ń dí òmíràn lọ́wọ́ ni kí á yọ, níbi oríkèé rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ sì rí ọ̀nà gbà. Kékeré la sì ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ dé orí igi tí mo fẹ́ sọ.

Mista Ọ́tìs ní ìkòkò ńlá mẹ́fà tí wọn kì í tà. Igi tí ó wà nínú wọn ni àwọn ará Gúúsù ń pè ní yópọ̀n. Ewé rẹ̀ kékeré, ó le, etí rẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́ bí ayùn. Kì í wọ́wé ní ìgbà òtútù. Bí ìgbà ìkórè bá dé, èyí tí ó jẹ́ abo á so èso pupa wínníwínní, àwọn ẹyẹ á sì bò ó. Igi ẹlẹ́wà ni. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, a máa ń gbé méjì síwájú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Auburn Gresham, a ń gbé méjì síwájú ilé oúnjẹ kan ní Calumet City, méjì á sì dúró ní ọgbà. Bí òtútù bá ti ń bọ̀, gbogbo wọn á padà sínú ilé onígíláàsì, nítorí ilẹ̀ tí kì í tutù púpọ̀ ni wọ́n ti ń hù. Òtútù tiwa níbí á pa gbòǹgbò wọn.

Tíì ni ewé náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, kì í ṣe àgbo. Àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń mu ún kí àwọn òyìnbó tó dé. Ẹ ó já ewé tuntun, ẹ ó yan án nínú páànù irin títí á fi pọ́n díẹ̀, ẹ ó wá da omi gbígbóná lé e. Ó ń la ojú ẹni bíi kọfí, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí àyà mi já. Èso rẹ̀ ni ẹ ò gbọdọ̀ fẹnu kàn. Ẹyẹ ló ni ín, èébì ni ó ń fún ènìyàn. Igi ọgbà kan sì wà tí ó jọ ọ́, tí májèlé wà nínú rẹ̀, àfi pé etí ewé tirẹ̀ dán. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kí n máa dijú fọwọ́ kan ewé.

Láago mẹ́wàá àárọ̀, Mista Ọ́tìs á fún mi ní ife kan. Ife kan péré. Ewé kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ bá mi délé. Ìyá wọn ni ó gbin igi àkọ́kọ́ sẹ́yìn ilé wọn ní Jọ́jíà. Nígbà tí ìyá náà kú, wọ́n ta ilé, wọ́n gé igi náà, títì ni wọ́n fi ibẹ̀ ṣe. Ẹ̀ka tí Mista Ọ́tìs gé wá sí Ṣikágò nìkan ló ṣẹ́kù láyé. Wọ́n ti fún àwọn mọ̀lẹ́bí kan nínú rẹ̀ rí, gbogbo wọn ló jẹ́ kí ó kú. Wọ́n sọ fún mi pé, "Gbogbo ìgbà tí ọ̀kan bá kú, ńṣe ni ó dà bíi pé wọ́n tún wá sọ fún mi pé ìyá mi kú. Kò sí ẹni tí yóò tún mú ẹ̀ka rẹ̀ jáde ní géètì yìí." Mo ní, "Yes, sir."

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí "yes, sir" yẹn. Ní Ìwó tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í wo ojú àgbà kí á ní rárá. Bí bàbá mi bá ní kí n lọ pọn omi nínú òjò, bẹ́ẹ̀ ni, sà, ni. Bí n kò bá tilẹ̀ ní lọ, bẹ́ẹ̀ ni, sà, ni mo máa kọ́kọ́ sọ. Ẹ̀kọ́ rere ni, mi ò kẹ́gàn rẹ̀. Mo gbé e bọ̀ ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú ẹrù mi.

Ọdún keje tí mo débẹ̀, ní oṣù kọkànlá, ooru kàn mú lójijì bíi pé ẹ̀ẹ̀rùn fẹ́ padà. Àwọn ìkòkò mẹ́fà yẹn ti dé láti ìta, wọ́n wà ní àgbàlá, a ò tíì gbé wọn wọlé. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Mo ti gbọ́ lórí rédíò mọ́tò láàárọ̀ pé òtútù tí ó le gan-an máa wọlé kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo bi Mista Ọ́tìs bóyá kí á gbé àwọn igi náà wọlé. Wọ́n wo ojú ọ̀run, wọ́n fọwọ́ pa orúnkún wọn.

Wọ́n ní, "Orúnkún mi kì í purọ́. Kò sí òtútù kankan. Ọjọ́ Ajé la máa gbé wọn. Go to your prayer, Sadie."

Ọ̀rọ̀ rédíò wà lórí ahọ́n mi. Mo rí i pé àgbà ti ń dé sí wọn, pé wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan láti bí oṣù mélòó kan. Ṣùgbọ́n ta ni mí tí màá fi rédíò ja orúnkún àgbà níyàn? Mo ní, "Yes, sir." Mo lọ kírun.

Ní ọjọ́ Ajé, iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti le bí òkúta. A gbé wọn wọlé. Ewé wọn ṣì tutù yọ̀yọ̀, ẹni tí kò mọ̀ á ní kò sí nǹkan. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó gbà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọ̀ idẹ. Lójoojúmọ́, Mista Ọ́tìs á fi èékánná họ èèpo igi láti wò bóyá àwọ̀ ewé ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Níkẹyìn, wọ́n tú ọ̀kan kúrò nínú ìkòkò. Gbòǹgbò rẹ̀ ti dúdú, ó ń bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n jókòó sórí ìkòkò tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn ní, "Well. That's Mama." Àánú wọn ṣe mí débi pé mi ò lè gbé ojú sókè.

Yorùbá ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ̀yin ọmọ mi, èkeje wà. Ilé mi ló wà.

Ní ọdún mẹ́rin ṣáájú, a rẹ́ ẹ̀ka àwọn igi mẹ́fà náà, wẹ́wẹ́ rẹ̀ wà nílẹ̀ tí a fẹ́ sun. Ààwẹ̀ ku ọ̀la. Mo rò ó pé tíì yìí á ràn mí lọ́wọ́ bí mo bá mu ún ní sààrì, nítorí inú oòrùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ní Ìwó, bí o bá fẹ́ já ewé dóńgóyárò ní àgbàlá aládùúgbò, ta ni ó ń tọrọ àyè? Wàá kàn kí wọn, o já a, o bá tìrẹ lọ. Mo fi ẹ̀ka márùn-ún sínú àpò aṣọ mi. Mo yan ewé ẹ̀ka mẹ́rin mu. Èkarùn-ún, mi ò mọ ohun tí ó ṣe mí, mo fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀, ó sì hù. Láti ìgbà yẹn ni ó ti wà lójú fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n wa. Mo ń pè é ní òdòdó lásán bí àlejò bá béèrè.

Nígbà tí mo sọ fún Bàbá Rúká pé igi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti kú, Rúká, àkọ́bí mi, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, gbórí sókè nídìí oúnjẹ.

Ó ní, "But Mummy, we have one. It's literally right there."

Bàbá Rúká ní, "Rúká, jẹun. Eat your food." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ìyá Rúká, gbọ́ mi dáadáa. Ọkùnrin yẹn á lé ọ. Worse, á pè ọ́ ní olè. Ṣé olè ni wọ́n mọ ilé yín mọ́? Leave it."

Mo ní, "Bàbá Rúká, ẹ ò rí ojú wọn. Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe jókòó."

Wọ́n ní, "I have seen mortgage."

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta gbé e yẹ̀ wò, oorun kò kùn mí. Bí mo bá dákẹ́, ìyá Mista Ọ́tìs kú tán láyé, èmi nìkan ni mo sì mọ̀ pé irọ́ ni. Bí mo bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ mi lọ, orúkọ mi sì bá a lọ. Ní ọjọ́ kẹrin, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé igi náà, mo gbé e síwájú mọ́tò, mo fi bẹ́líìtì dè é.

Mo bá wọn nínú ilé onígíláàsì. Mo gbé igi náà kalẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀.

Wọ́n ní, "Dìde, Sadie. Níbí, a kì í kúnlẹ̀ fún ènìyàn."

Mi ò dìde. Wọ́n fi mí sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sún mọ́ igi náà. Wọ́n di ojú wọn, wọ́n fi ìka tọ́ etí ewé rẹ̀. Wọ́n pẹ́ nídìí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lajú, omi wà níbẹ̀.

"Ọdún mélòó?"

"Mẹ́rin, sà. Lójú fèrèsé."

"Ó ṣe dáadáa. Àárín rẹ̀ mọ́, afẹ́fẹ́ ń rí ọ̀nà gbà." Wọ́n yíjú sí mi. "Ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, ṣé o mọ̀ pé òtútù ń bọ̀?"

Mo ní, "Yes, sir. Rédíò sọ ọ́."

"Kí lo wá sọ fún mi?"

"I said yes, sir."

Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tí wọ́n pariwo. "Mo ti dárí olè jì ọ́! Olè yìí ni ó gba ìyá mi là. Àmọ́ 'yes, sir' rẹ ni ó pa igi mẹ́fà. Arúgbó ni mí, Sadie. Ojú mi ń ṣú, orí mi ń gbàgbé. Kí ni mo gbà ọ́ síṣẹ́ fún, bí o bá rí kòtò níwájú mi tí o ní bẹ́ẹ̀ ni, sà? Lọ sílé. Come back in March, if you've learned how to tell me no."

Mo lọ sílé. Ìgbà òtútù yẹn gùn. Bàbá Rúká ń wa takisí ní ìlọ́po méjì, wọn ò sì sọ pé "mo ti wí." Mo bínú sí Mista Ọ́tìs fún oṣù kan gbáko. Mo ní òfin ilé wọn kọ́ ni wọ́n fi tọ́ mi, mo bọ̀wọ̀ fún wọn, wọ́n sì fi ìyà jẹ mí nítorí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá rántí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèǹgbè. Ọwọ́ tèmi ló wọ kèǹgbè ní ọjọ́ yẹn, mo sì fi sápò.

Ní oṣù kẹta, mo padà. Mista Ọ́tìs kò kí mi. Wọ́n nawọ́ sí àwọn òdòdó róòsì níta, wọ́n ní, "Gé gbogbo wọn wálẹ̀ lónìí."

Mo wo ojú wọn. Mo ní, "Rárá, sà. Ó yá jù. Yìnyín ṣì máa padà, á pa ẹ̀ka tuntun."

Wọ́n wò mí. Wọ́n wọlé lọ, wọ́n sì gbé ife tíì kan jáde fún mi. Bí mo ṣe gba iṣẹ́ mi padà nìyẹn. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni a tún jọ ṣe.

Nǹkan ti yí padà púpọ̀ láàárín ọdún wọ̀nyí. Àlùmọ́gàjí la fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń mu epo dé, ariwo rẹ̀ fẹ́ di etí mi. Lẹ́yìn náà ni ti bátìrì, èyí tí ó fúyẹ́ tí kò sì ní èéfín. Ní báyìí, àwọn òṣìṣẹ́ á na fóònù sí ewé, fóònù á pe orúkọ rẹ̀. Mi ò bá wọn jà. Lọ́jọ́ kan, fóònù pe igi onímájèlé yẹn ní yópọ̀n, mo sì ní kí ọmọbìnrin tí ó mú un dání dijú, kí ó fọwọ́ kan etí rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ó máa ń lo méjèèjì. Bí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ yìí, ẹ wá bàtà tó dára, kí ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀yìn yín á dùn yín. Ṣùgbọ́n mo máa ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń kọjá níwájú ilé ìwé, mo sì ń rí ọwọ́ mi níbẹ̀. Inú mi máa ń dùn.

Nígbà tí Mista Ọ́tìs dùbúlẹ̀ àìsàn tí wọn ò dìde nínú rẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Dọ́rísì, ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, ni ó ń tọ́jú wọn. Wọ́n ti gbé igi náà sínú yàrá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ti ga tó àyà mi.

Mista Ọ́tìs ní, "Sadie, mo ti ra ilẹ̀ sàréè mi síbí. Bí mo bá kú, gbin igi Mama sórí mi."

Dọ́rísì dúró lẹ́yìn wọn, ó ń ṣẹ́jú sí mi, ó ń mi orí wálẹ̀ pé kí n gbà. Arúgbó tó ń kú lọ ni. Kí ni yóò ná mi? Gbogbo ara mi ni ó fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá mi tí ó wà ní sàréè ní Ìwó gan-an fẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ ni.

Mo di ọwọ́ wọn mú. Mo ní, "Rárá, sà. Ilẹ̀ Ṣikágò máa pa á. Ó pẹ́ tán, ọdún kejì. Mi ò ní gbìn ín síbẹ̀."

Dọ́rísì ní, "Oh my God, Miss Sadie."

Mista Ọ́tìs fún ọwọ́ mi pọ̀.

Wọ́n ní, "Kí ẹ má sin èmi náà síbẹ̀ nìyẹn. Ilẹ̀ tó bá tutù jù fún Mama, ó tutù jù fún mi. Gbé àwa méjèèjì lọ sílé."

Jọ́jíà ni a sin wọ́n sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn. Rúká ló wa mọ́tò, ọjọ́ méjì gbáko, igi náà sì wà ní ìjókòó ẹ̀yìn. Mo gbìn ín sí àárín àwọn méjèèjì. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, ó gbóná.

Ní ọdún tó kọjá, lẹ́yìn tí mo ti fẹ̀yìn tì, mo tún lọ wò ó. Ó ti ga jù mí lọ, ó ti fẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ó kún fún èso, ẹ̀ka rẹ̀ ń gba orí ara wọn kọjá bí ó ṣe wù wọ́n. Àlùmọ́gàjí mi wà nínú àpò. Mi ò yọ ọ́.